Màmá Oníbọ́tìnnì àti Ọkùnrin Mẹ́ta Ojú Fèrèsé

Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ò pè mí lórúkọ rí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la fi mọra, inú ilé kan náà ní Àgùdà la sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, síbẹ̀ Mojísọ́lá ò jáde lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n kú lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń ṣètò ìwé ìsìnkú ní kí n kọ ojú ewé kan, kí n má jẹ́ kó gùn. Mo kọ ọ́. Mo ní wọ́n jẹ́ ìyá rere, olùfọkànsìn, aláàánú. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé yàtọ̀ sí orúkọ wọn, kò sí ohun tó jọ wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà mo tún un kọ, èyí ló sì dé yìí. Ojú ewé kan ò gbà á.

Kì í ṣe àwọn ló bí bàbá mi. Ìyá tó bí bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo pé mẹ́fà, bàbá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè ní Ìdó, gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ìyàwó tuntun ọ̀hún ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn ò bímọ rí, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lópòópónà wa, níbi tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì, òwú, sípù, rọ́bà ṣòkòtò àti abẹ́rẹ́ fún àwọn télọ̀. Màmá Oníbọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé, ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tó ti wà níbẹ̀ kó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ obìnrin, ọkọ ẹ̀ ni. Á fún un lórúkọ mìíràn tó wù ú, á máa kúnlẹ̀ kí i, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa tí wọ́n bí sí Èkó la sọ ọ́ di ìtàn. Lọ́jọ́ tí Màmá dé, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, wọ́n wò mí lẹ́nu dáadáa, wọ́n ní, "Ẹ kúulé o, Eyínfúnjowó, ọkọ mi."

Mo ní, "Mi ò ní eyín."

Wọ́n ní, "Èyí tó ń bọ̀ ni mò ń kí."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nílé ìwé, tíṣà wa ní kí kálukú dìde kó dárúkọ àwọn tó wà nílé wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka bàbá, wọ́n ń ka ìyá, wọ́n ń ka àbúrò. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo ní bàbá, mo ní màmá, mo ní bàbá àgbà, mo sì ní ìyàwó kan. Tíṣà ní, "Ìyàwó ta ni?" Mo ní, "Tèmi ni. Bọ́tìnnì ló ń tà." Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Nígbà tí a jáde lọ́sàn-án, tíṣà tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn wá wo ìyàwó Mojísọ́lá. Màmá dìde lẹ́yìn káńtà, wọ́n nuwọ́ sí ìró wọn, wọ́n ní, "Èmi nìyẹn, mà. Kí ni ọkọ mi ṣe?"

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo fẹ́ràn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí Dúpẹ́, àbíkẹ́yìn Bàbá, tó ń ṣe tíṣà ní Yábàá, ti pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ní, "Màmá àgbà ẹ ti kú. Ìyàwó Bàbá lèyí. Ṣé o gbọ́?" Mo gbọ́. Nítorí náà mi ò pe obìnrin náà ní Màmá. "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ẹ ṣé mà," ibẹ̀ ni mo dúró sí fún ọdún mẹ́rin. Èdè wa gbà á, èèyàn lè fi mà kan ṣoṣo bá ẹni tó ń fún un lóúnjẹ gbé títí láéláé. Àwọn náà ò sọ nǹkan kan sí i. Àǹtí Dúpẹ́ fúnra wọn, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí Màmá, torí Màmá bá wọn nílé. Ìbàdí-Àrán ni Màmá ń pè wọ́n, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n fi ogún ọdún ju Àǹtí lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta wa. Ọmọbìnrin ni mí, ṣùgbọ́n ọmọláńgidi onírun gígùn tó ń dijú tó ń lajú ò wù mí rí. Àwọn alágbára oníke ló wù mí, àwọn tí apá wọn ṣeé yí, tí àyà wọn wú bí ìrọ̀rí. Bàbá mi ra mẹ́ta fún mi lọ́dún Kérésì kan. Àwa ọmọdé Èkó ìgbà náà, kò sí eré wa tí kò ní àkítọ̀, ìyẹn ẹni tí kì í kú, àti bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá tó gbọ́dọ̀ kú kí eré tó parí. Èyí tó tóbi jù ni àkítọ̀ mi. Èkejì, tí ajá aládùúgbò ti jẹ apá ẹ̀ kan, ni ọ̀rẹ́ àkítọ̀. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo ara ẹ̀ dà bí àwọ̀ ewé, ni bọ́ọ̀sì. Ojú fèrèsé pálọ̀ ni mo máa ń tò wọ́n sí bí mo bá ń lọ sílé ìwé.

Ọjọ́ kejì tí Màmá dé ni wọ́n rí wọn. Wọ́n bi mí pé, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n dé ilé yìí?"

Mo ní, "Kérésì."

"Wọ́n ti ṣáájú mi dé nìyẹn."

Ni Màmá bá kúnlẹ̀ síwájú fèrèsé, wọ́n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ lójú ẹsẹ̀. Àkítọ̀ di Alágbára-má-mèrò. Alápá kan di Ọwọ́-kan-ò-gbẹ́rù-dórí. Bọ́ọ̀sì di Bọ̀dá Tútù. Mo ní rárá o, ìyẹn kì í ṣe bọ̀dá ẹnikẹ́ni, ọ̀tá ni, pípa la máa ń pa á. Màmá rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ pa á lọ́sàn-án bí ẹ bá fẹ́. Láàárọ̀, màá kí i."

Wọ́n sì ń kí i. Láàárọ̀ ojoojúmọ́ ayé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí Bàbá tán, Màmá á kúnlẹ̀ síwájú fèrèsé. "Ẹ kú àárọ̀ o, Alágbára-má-mèrò. Bọ̀dá Tútù, ṣé ẹ sùn dáadáa? Wọ́n ní wọ́n pa yín lánàá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Èmi á ti dùbúlẹ̀ sórí àga, màá máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ kí wọ́n má baà mọ̀ pé inú mi ń dùn.

Ohun tó kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú ni pé pátá nìkan làwọn ọkùnrin náà wọ̀, pátá ọ̀hún gan-an sì jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n lára. Màmá ní, "Ọkùnrin tó láyà tó báyìí, kó dúró sójú fèrèsé tí gbogbo Àgùdà ń kọjá, kó má sì wọ ṣòkòtò?" Láti ọjọ́ yẹn, kò sí télọ̀ tó lè ra sípù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má bi í pé àgékù aṣọ rẹ̀ dà. Télọ̀ kan wà tó ń gbé ìsàlẹ̀ òpópónà, ọkùnrin ahun ni, ó ní òun ò ní àgékù. Màmá ní kó lọ máa ra bọ́tìnnì ní Costain. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú àgékù léèsì jáde. Léèsì yẹn di bùbá Bọ̀dá Tútù.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán gbogbo ẹ̀, torí aṣọ náà kéré ju ohun tó lè gba abẹ́ ẹ̀rọ lọ. Wọ́n rán ṣòkòtò, wọ́n rán fìlà abetí-ajá, wọ́n rán aṣọ gbọọrọ tí àwọn alágbára máa ń so mọ́ ọrùn kó lè máa fẹ́ lẹ́yìn wọn. Bọ́tìnnì kóòtù ńlá, tí wọ́n ki rọ́bà bọ ihò ẹ̀, di asà tó wọ ọwọ́ Alágbára rẹ́gí. Ègé sípù onírin di ìgbànú, ó ṣeé ṣí, ó ṣeé pa dé. Ìdérí ọṣẹ ìfọyín di àkẹtẹ̀ ogun. Wọ́n fi òwú so igun mẹ́rin ọ̀rá píọ́ wọ́tà, mo sì ń ju Bọ̀dá Tútù láti bákónì òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọ̀gá. Èyí tó dára jù lọ ni apá tí wọ́n ṣe fún Ọwọ́-kan. Aṣọ ni wọ́n fi rán an, wọ́n ki òwú sínú ẹ̀, wọ́n wá fi ìkọ́ síkẹ́ẹ̀tì ṣe ọwọ́ fún un. Ọwọ́ yẹn lè gbé garawa ìṣeré, ó lè rọ̀ mọ́ okùn ìsáṣọ. Mo ní kí wọ́n wá yí orúkọ ẹ̀ padà báyìí tó ti ní apá méjì. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ lọ. Kó má gbàgbé."

Àwọn ọmọ àdúgbò ń wá láti òpópónà kẹta láti wò wọ́n. Ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó ní tọ́ì tó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní òun á fi ṣe pààrọ̀ Alágbára tòun ti aṣọ ẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó.

Màmá ò dára tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Wọ́n láhun. Abẹ́rẹ́ kan kì í bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn kí a jẹun ọ̀sán kí a tó rí i. Wọ́n sì lágídí. Bí mo bá fa aṣọ ya nínú ìjà àkítọ̀ àti bọ́ọ̀sì, wọn kì í rán òmíràn. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́: "Ẹ̀yin lẹ fà á ya, ẹ̀yin lẹ máa rán an." Bí mo bá rán an tán, wọ́n á yí i wò, wọ́n á ní ó hàn, wọ́n á tú u. Mo ti sunkún lórí ṣòkòtò tí ò ju ìka lọ. Wọn ò yẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé wọn kì í dárí jini kíákíá, wọn kì í sì í bínú bí èèyàn gidi. Bí ẹ bá ṣẹ Màmá, wọn ò ní pariwo, wọn ò ní bú yín. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa fi kún un. Nígbà kan, Bàbá sọ níwájú àwọn àlejò látinú ìjọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi ń kúnlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá níwájú Bàbá. Wọ́n gbé omi wá, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n mú rẹ́díò wá, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, olówó orí mi." Lọ́jọ́ keje, Bàbá sọ gíláàsì ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bú mi kí n lè sinmi." Màmá ní àwọn ò mọ ohun tí Bàbá ń sọ.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Áńgílíkà ni gbogbo ilé wa, ṣùgbọ́n Àǹtí Dúpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà kan lọ́jọ́ Jímọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé kí kálukú lọ yẹ ilé bàbá ẹ̀ wò bóyá òrìṣà wà níbẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ṣílẹ̀kùn wọlé, wọ́n sì bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fèrèsé. Wọ́n ti rí àwọn ọmọláńgidi mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa kì wọ́n rí. Màmá sì ń kì wọ́n lọ: "Alágbára-má-mèrò, ọkọ mi, a-gbé-òkúta-gbàgbé-ibi-tó-ń-gbé-e-lọ." Ọkùnrin mẹ́ta dúró síbẹ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ bùbá, òwú pupa sì wà lọ́rùn Bọ̀dá Tútù, torí mo ti sọ pé ọba ni lọ́sẹ̀ yẹn. Àǹtí Dúpẹ́ ò mọ̀ pé ìyàwó kan ló ń kí àwọn tó bá nílé. Ohun tí wọ́n rí ni obìnrin tó kúnlẹ̀ tó ń ki ère.

Wọ́n pe Bàbá jáde. Wọ́n ní ìyàwó wọn ti gbé òrìṣà sí pálọ̀, ó sì ti ń fi mọ ọmọ. Àwọn òbí mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá jókòó, Àǹtí dúró, Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá ní ọmọdé kì í purọ́ lórí irú nǹkan báyìí, kí wọ́n pè mí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ yẹn kan náà, aṣọ ẹ̀yìn Alágbára ti ya, mo ní kí Màmá rán tuntun, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Inú ń bí mi. Inú ọmọdé ló ń bí mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí Dúpẹ́ dì mí léjìká mú. "Mojí, wò mí lójú. Ṣé obìnrin yìí máa ń kúnlẹ̀ fún nǹkan wọ̀nyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ojoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó máa ń kì wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù: eré ni. Ó wà lórí ahọ́n mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Bàbá tẹjú mọ́ mi. Wọ́n ní, "Mojísọ́lá, ṣé kò sí nǹkan míì tó o fẹ́ sọ?" Mo wo Màmá. Wọn ò wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí. Mo ní, "Kò sí sà."

Àǹtí Dúpẹ́ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó di kí wọ́n jó àwọn ère náà lónìí, tàbí kí ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún wọn kó ẹrù ẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá, tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní réluwéè, dorí kodò. Mo bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí Màmá o, nítorí tọ́ì mi ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Mo rò pé Màmá á ṣàlàyé. Gbólóhùn kan péré ló máa gbà. Wọn ò ṣe é. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà, mo sì gbà pé bí wọ́n bá sọ pé eré ni, èmi ni wọ́n máa sọ di òpùrọ́ níwájú àwọn àgbà. Wọ́n lọ sínú yàrá, wọ́n mú sísọ́ọ̀sì jáde, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lára àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò fà á ya. Wọ́n ń já òwú, wọ́n ń tú u bí wọ́n ṣe ń tú tèmi. Fìlà, bùbá, ìgbànú, asà. Wọ́n tú apá Ọwọ́-kan kúrò léjìká ẹ̀. Wọ́n ká gbogbo ẹ̀ jọ sínú agolo bisikíìtì, wọ́n gbé e lọ bá Àǹtí Dúpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Ìbàdí-Àrán. Àwọn mẹ́ta yìí, mo bá wọn nílé ni. Bàbá ọmọ ló rà wọ́n fún ọmọ. Aṣọ nìkan ni mo mú wọlé. Ẹ jẹ́ ká jó ohun tí mo mú wọlé."

Àǹtí wo Bàbá, Bàbá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti jó o. Bọ́tìnnì ń yọ́, ó ń rùn, èéfín ẹ̀ dúdú. Màmá fúnra wọn ló da omi sí eérú, wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá kúnlẹ̀ kí Bàbá. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Àǹtí Dúpẹ́ tó sun ilé wa mọ́jú. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Wọ́n wá kọjá níwájú fèrèsé, wọn ò yíjú síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dáhùn bíi pé mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n pípè yàtọ̀ sí bíbẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rán nǹkan kan fún ọkùnrin mẹ́ta yẹn mọ́ láyé. Mo gbìyànjú láti rán ṣòkòtò kan fún Alágbára fúnra mi, ó rí bí àpò gààrí. Kò pẹ́, mi ò bá wọn ṣeré mọ́.

Ilé ọkọ ló la Àǹtí Dúpẹ́ lójú. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn délé, àwọn ará ilé ọkọ gbé ọmọ kan tó ń rákò síwájú wọn, wọ́n ní kí Àǹtí kúnlẹ̀ kí i, kí wọ́n sì fún un lórúkọ, torí wọ́n bá a nílé ni. Àǹtí ní ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti rántí pálọ̀ wa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé ìró tuntun wá sí Àgùdà, wọ́n wólẹ̀ síwájú Màmá, wọ́n ń sunkún. Màmá fà wọ́n dìde. "Ẹ dìde, Ìbàdí-Àrán. Ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó." Nígbà tí Bàbá kú, tí àwọn ẹbí kan ń sọ pé kí obìnrin tí ò bímọ padà sílé bàbá ẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́ yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó bá fẹ́ lé ìyàwó òun jáde, kó kọ́kọ́ lé òun.

Ó wá ku èmi. Mo kúrò nílé, mo gba yàrá kan ní Yábàá, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sí Àgùdà. Màá ra búrẹ́dì gbígbóná ní Ojúẹlẹ́gba, màá jókòó ti Màmá, màá fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mẹ́wàá dè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ náà, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Gbogbo Sátidé ni mò ń sọ fún ara mi pé òní ni màá sọ ọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, màá bi wọ́n nípa ẹsẹ̀ wọn. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣòro níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò sọ nígbà tó kéré, ó máa ń dàgbà pẹ̀lú èèyàn ni. Mo sì rí i pé Màmá ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, mo sì mọ ohun tí kíkúnlẹ̀ wọn lè túmọ̀ sí. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ti ọbẹ̀ oníyọ̀.

Lọ́dún yìí, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, kí wọ́n má lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. A kó bọ́tìnnì wálé. Sátidé kan, a jókòó sórí ẹní, à ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀, dúdú sí dúdú, funfun sí funfun. Mi ò gbèrò ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Màmá, ọjọ́ tí wọ́n jó aṣọ yẹn, mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá ò dáwọ́ bọ́tìnnì ṣíṣà dúró. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Kó tó di pé o parí ìwé mẹ́wàá ni mo ti dárí jì ọ́." Wọn ò fi "ẹ" tí wọ́n máa ń lò fún ọkọ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n da bọ́tìnnì ọwọ́ wọn sí àárín àwọn dúdú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo ń wò ọ́. Gbogbo Sátidé lo máa ń wá, wàá jókòó, wàá máa wò mí bí ẹni tó ní nǹkan í sọ, wàá tún lọ láìsọ ọ́. Mo rò ó pé bí o bá sọ ọ́, tí mo ní mo ti dárí jì ọ́, o lè má wá mọ́. Mo wá ń fi ọwọ́ bò ó. Kò dára, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí o máa wá ni."

A ṣa bọ́tìnnì náà tán.

Mo lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo lọ ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì la sì sin wọ́n. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo ra búrẹ́dì ní Ojúẹlẹ́gba, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgùdà. Ilẹ̀kùn Màmá wà ní títì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí di àkókò tí mo máa ń kúrò níbẹ̀, kí n tó dìde.